Rọ́bà kékeré tó ń jẹ owó omi yín

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi tó ń jò ni mo gbé wá lónìí, èyí tẹ́ ẹ ti tì tì tì tí ò pa, tẹ́ ẹ wá gbé bákẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹ̀, tí gbogbo ará ilé sì ti mọ́ ọn lára débi pé wọn ò tiẹ̀ gbọ́ ìró ẹ̀ mọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sílé tí mo wọ̀ n'Íbàdàn níbí tí mi ò bá ọ̀kan, bí ò bá sí ní kíṣìnnì á wà ní balùwẹ̀, bí ò bá sí ní balùwẹ̀ á jẹ́ èyí tó wà níta tí gbogbo kọ́ḿpáùn jọ ń lò. Ẹ jẹ́ kí n yáa là á mọ́lẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀: lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ẹ̀rọ yẹn ló bàjẹ́ o, rọ́bà kan tó wà nínú ẹ̀, tí ò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ìyẹn ló jẹ, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì lè pààrọ̀ ẹ̀, ọkùnrin o, obìnrin o, ayálégbé o, onílé o, kẹ́ ẹ tó parí ẹ̀ ẹ̀wà orí iná ò tíì rọ̀.

Àwọn kan á ní kí ni omi tó ń kán tó, tó, tó fẹ́ dà. Ó da, ẹ mú ike omi 75cl kan, irú èyí tá a fi ń ra omi mu lójú títì, ẹ gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ yẹn kẹ́ ẹ wo aago. Tó bá kún ní wákàtí kan, lítà 18 nìyẹn lójúmọ́, lítà 540 lóṣù. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà 21 ló wà nínú ìyẹn, á tún ṣẹ́ kù, ó ju ìdajì táńkì 1,000 lítà lọ, ẹnì kankan ò sì fi wẹ̀, ẹnì kankan ò fi sebẹ̀, ẹnì kankan ò fi fọṣọ. Èyí tó ti kúrò ní kíkán tó ti ń ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má wulẹ̀ ṣírò tiẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Omi wa níbí kì í sì í ṣe omi ọ̀fẹ́. Bóòhóòlù ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò, iná ló ń fa omi yẹn jáde látinú ilẹ̀ gun táńkì òkè. Pọ́ǹpù tó jẹ́ họ́ọ̀sì pawà kan máa ń jẹ iná tó sún mọ́ yúníìtì kan tẹ́ ẹ bá tàn án fún wákàtí kan, àwa tá a sì wà ní Band A mọ iye tí wọ́n ń tà á látoṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n gbé owó ẹ̀ gòkè, ó lé ní 200 náírà lórí yúníìtì kan. Tí NEPA ò bá wá ńkọ́, jẹ́ńẹ̀ lẹ máa tàn, epo bẹntiróò ò sì rí bó ṣe rí mọ́ látoṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra omi táńkà tàbí tẹ́ ẹ̀ ń pe mẹ́ruwà, mi ò ní wulẹ̀ sọ fún yín, ẹ̀yin lẹ̀ ń kà á jáde lápò.

Ó tún ní ti ìjà tó ń dá sílẹ̀. Nínú kọ́ḿpáùn tí mò ń gbé, a jọ ń dáwó pọ́ǹpù ni, ọ̀rọ̀ owó yìí sì fẹ́ tú wa ká nígbà kan torí ẹni tó ń dá gbé ní òun ò lè san iye tí ẹni tó lọ́mọ márùn-ún ń san, ẹni tó lọ́mọ márùn-ún ní àwọn ọmọ òun kì í sí nílé látàárọ̀ dalẹ́, táńkì náà sì ń gbẹ ṣáá. Ìgbà tí mo rìn dé ẹ̀yìn ilé tí mo rí bí koríko abẹ́ ẹ̀rọ ibẹ̀ ṣe tutù yọ̀yọ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yé mi. Mo lọ bá Màmá ìsàlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàsán mà. Mà, ẹ̀rọ ẹ̀yìn ilé ló ń mu omi wa o, kì í ṣe ọmọ ẹnì kankan." Màmá ní, "Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Púlọ́ńbà tí wọ́n pè ní odidi ẹ̀rọ la máa rà, iye tó sì dá lé e pọ̀." Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi sọ fáwọn ọmọ kí wọ́n má tan pọ́ǹpù. Màmá dúró tì mí, wọ́n ń tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i fún mi torí ilẹ̀ ti ń ṣú, ìgbà tí mo yọ rọ́bà yẹn jáde tí mo fi lé wọn lọ́wọ́, wọ́n yí i síwá yí i sẹ́yìn, wọ́n ní, "Gbogbo ẹ̀ náà nìyí?" Mo ní, "Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn, mà." Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ka ohun tí mo kọ yìí lè di irú rọ́bà yẹn mú lọ́wọ́ ara ẹ̀ kó sì mọ̀ pé òun ni.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀ ná, torí ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù ò ní bà á láti tú u. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ yìí ti pẹ́ gan-an o, ọdún 1845 ni iléeṣẹ́ alágbẹ̀dẹ idẹ kan tó ń jẹ́ Guest and Chrimes nílùú Rotherham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gba ìwé àṣẹ lórí irú ẹ̀ tí wọ́n sì ń ṣe é tà, ó sì ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó parí ìsédò Eléyẹlé n'Íbàdàn níbí ní 1942. Títí dòní, inú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Omi á ti inú páìpù wá, á kan ihò róbótó kan nínú ẹ̀rọ, àwọn púlọ́ńbà ń pè é ní síìtì torí orí ẹ̀ ni rọ́bà ń jókòó lé. Tẹ́ ẹ bá yí ọwọ́ ẹ̀rọ sọ́tùn-ún, ọ̀pá idẹ inú ẹ̀ á máa sọ̀ kalẹ̀, á tẹ rọ́bà mọ́ síìtì yẹn, omi á dá. Tẹ́ ẹ bá yí i sósì, ọ̀pá á gòkè, omi á ti rọ́bà sókè, á rọ́nà gbà. Gbogbo iṣẹ́ tó ń ṣe ò ju ìyẹn lọ. Rọ́bà yẹn ló wá ń jìyà, torí lójoojúmọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ idẹ, bó bá yá á le gbagidi, á ya, ojú ibi tí síìtì ń tẹ̀ á jin róbótó, omi á sì rí àyè kékeré gbà kọjá.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó rí i pé ẹ̀rọ ń kán tó wá ń fi gbogbo agbára ẹ̀ tì í, tó ń fi aṣọ wé e lọ́wọ́ kó lè le sí i, ńṣe ló tún ń gé rọ́bà yẹn jẹ. Ó lè dúró lónìí, á burú sí i lọ́la. Ẹ bá àwọn ọmọ sọ ọ́, ẹ bá àlejò sọ ọ́, kí wọ́n tì í dé ibi tí omi ti dá kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Wàyí o, kẹ́ ẹ tó mú sípánà, ẹ nu gbogbo ara ẹ̀rọ yẹn gbẹ, ẹ fi tíṣù tàbí bébà gbígbẹ kàn án láyìíká kẹ́ ẹ mọ ibi tí omi ti ń jáde gan-an. Tó bá jẹ́ ẹnu ẹ̀ ló ti ń kán nígbà tẹ́ ẹ tì í, rọ́bà ni. Tó bá jẹ́ ọrùn ẹ̀, ìyẹn abẹ́ ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń yí i, tó sì jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí i ló ń jò, a máa dé ibẹ̀. Tó bá jẹ́ ìdí ẹ̀ níbi tó ti wọ ògiri, tírẹ́ẹ̀dì tépù ni, ìyẹn tépù funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń wé mọ́ ìdí ẹ̀rọ kí omi má bàa jò. Tó bá jẹ́ ara ẹ̀ ló sán, kò sóògùn, òmíràn lẹ máa rà. Àwọn ẹ̀rọ oníke funfun tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú náà, èyí tó ń lo ọwọ́ gbọọrọ kan, ẹ má dààmú ara yín láti tú inú ẹ̀, wọn ò ṣe é kéèyàn máa tún un ṣe, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ ra onídẹ.

Irinṣẹ́ ò pọ̀. Ṣífítíǹ sípánà kan, tẹ́sítà táwọn rewáyà ń lò tàbí sìkúrù-díráfà kékeré, páìpù rénjì tẹ́ ẹ bá rẹ́ni yá yín, aṣọ àkísà méjì, búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó, tírẹ́ẹ̀dì tépù kan. Rọ́bà tuntun lẹ ò ní rà kẹ́ ẹ tó tú ti tẹ́lẹ̀, torí títóbi wọn ò dọ́gba, ẹ̀rọ háàfù ínṣì ló wọ́pọ̀ nílé àmọ́ three-quarter náà wà, pàápàá èyí tó wà níta. Èyí tẹ́ ẹ bá yọ lẹ máa mú dání lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páìpù kí wọ́n fi díwọ̀n. Tẹ́ ẹ bá wà l'Ékòó, ọjà Odúnadé ní Òrílé, kò sóhun tẹ́ ẹ wá débẹ̀ nínú nǹkan omi tẹ́ ẹ ò ní rí. Ẹ ra rọ́bà náà ju ẹyọ kan lọ, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, ẹ dè é mọ́nú ọ̀rá kẹ́ ẹ fi pa mọ́.

Ẹ pa omi ná. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó, ìyẹn ni pé kì í ṣe ọjọ́ tí omi bá ń tú yàà sí kíṣìnnì lẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí kọ́ńtíròòlù, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń ti omi inú páìpù, wà kiri. Lónìí tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ẹ lọ wo abẹ́ síǹkì yín, ẹ wo ìdí táńkì, ẹ dán an wò bóyá ó ń yí, torí ọ̀pọ̀ kọ́ńtíròòlù tí wọn ò fọwọ́ kàn fún ọdún pípẹ́ ló ti gan pa. Tí ilé yín ò bá ní èyí tó dá dúró fún balùwẹ̀ tàbí kíṣìnnì, tìdí táńkì lẹ máa tì, ẹ yáa sọ fáwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbélé kí wọ́n pọn omi sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti tì í, ẹ ṣí ẹ̀rọ tó ń jò yẹn sílẹ̀ kí omi tó kù nínú páìpù dà tán, kẹ́ ẹ sì fi àkísà kan dí ihò síǹkì, síkúrù kékeré tó bá bọ́ síbẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Lórí ọwọ́ ẹ̀rọ, ẹ máa rí ìdérí pélébé kan, òmíràn ní àmì pupa tàbí búlúù, ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ tàbí tẹ́sítà ṣí i díẹ̀díẹ̀, síkúrù wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ tú u, ẹ fa ọwọ́ ẹ̀rọ sókè. Tí ò bá gbà torí omi bóòhóòlù ti mú kó dógùn-ún mọ́ra, ẹ má fi òòlù lù ú o. Ẹ ki aṣọ bọ omi gbígbóná kẹ́ ẹ fi wé e, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ díẹ̀, ẹ kán kẹrosíìnì sí i, ẹ lọ ṣe nǹkan míì, ẹ padà wá mì í sọ́tùn-ún sósì. Á jáde. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ máa rí nọ́ọ̀tì ńlá tó di orí ẹ̀rọ mọ́ ara ẹ̀, ẹ fi aṣọ wé e tí ẹ̀rọ náà bá ń dán kí sípánà má ha á lára, kẹ́ ẹ yí i sósì.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti gbọ́ mi dáadáa, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ kékeré ti ń di iṣẹ́ ńlá. Bí ọwọ́ kan bá ṣe ń fi sípánà tú nọ́ọ̀tì, ọwọ́ kejì gbọ́dọ̀ di ara ẹ̀rọ náà mú gírígírí, páìpù rénjì lẹ máa fi dì í mú tó bá le. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí odidi ẹ̀rọ máa bá sípánà yí, páìpù oníke tó wà nínú ògiri lẹ̀ ń lọ́ lọ́rùn yẹn, tí ẹ́líbò ibẹ̀, ìyẹn ìgúnpá páìpù tí ẹ̀rọ wọ̀ sí, bá kán, ẹ máa fọ́ táìsì, ẹ máa fọ́ ògiri, ẹ máa wá bíríkìlà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti rọ́bà. Ẹ má kánjú, ẹ má fi ìbínú fà á.

Ẹ fa orí ẹ̀rọ jáde. Nísàlẹ̀ ọ̀pá yẹn lẹ máa rí rọ́bà náà, òmíràn fi nọ́ọ̀tì tín-ín-rín di ara ẹ̀ mú, òmíràn kàn tẹ̀ ẹ́ wọlé ni. Ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó jù ú nù. Èyí tí mo yọ lẹ́yìn ilé wa, dúdú ni wọ́n rà á àmọ́ ó ti di àwọ̀ iyẹ̀pẹ̀ pupa lójú kan, òrùka kan jin sí i lára yíká, ní apá kan òrùka yẹn ti gé já pátápátá débi pé èékánná mi wọ̀ ọ́, ibẹ̀ gan-an ni omi ń gbà. Pupa yẹn, irin tó wà nínú omi ilẹ̀ ni. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ ọ̀pá idẹ náà, kẹ́ ẹ wá ki ìka yín bọ inú ẹ̀rọ lọ kan síìtì. Ó yẹ kí ó dán lọ́wọ́ yíká láìsí ibi tó ha ìka. Tẹ́ ẹ bá rí i pé omi ti gbẹ́ kòtò sí i, rọ́bà tuntun lórí ẹ̀ ò ní pẹ́ rárá. Irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n fi ń ha síìtì kó dọ́gba, tí púlọ́ńbà tó wà nítòsí yín bá ní in ó dáa, tí ò bá ní in tí kòtò náà sì jìn, ìgbà yẹn ni màá ní kẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ tuntun.

Tílẹ̀ bá ti ṣú tí ṣọ́ọ̀bù ti pa, ẹ yí ojú rọ́bà àtijọ́ yẹn padà, kí ẹ̀yìn ẹ̀ tó ṣì tẹ́jú wá kọjú sí síìtì, tó bá jẹ́ irú èyí tó tẹ́jú lójú méjèèjì. Á gbé yín dọ́jọ́ díẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn máa ń gé bàtà sílípáàsì, wọ́n á ní ó ṣe é lò. Ó ṣe é lò lálẹ́ ọjọ́ kan, àmọ́ sílípáàsì rọ̀ jù, kó tó pẹ́ á ti rún sínú ẹ̀rọ, ẹ máa rí ẹ̀rún ẹ̀ nínú omi. Chúùbù táyà sàn jù ú lọ díẹ̀ àmọ́ ó tín-ín-rín. Nígbà tí ojúlówó ò wọ́n, kí la wá ń fìyà jẹra wa sí? Ohun mìíràn tí màá bẹ̀ yín kẹ́ ẹ má ṣe ni fífi Vaseline pa rọ́bà náà kó lè máa yọ̀. Epo tí wọ́n fi ṣe Vaseline máa ń ba ọ̀pọ̀ irú rọ́bà jẹ́, á wú, á rọ̀, á fà ya. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi nǹkan pa á, gírísì sílíkóònù ni, tí ò bá sí, ẹ fi omi lásán.

Ẹ fi rọ́bà tuntun sí i, ẹ dá nọ́ọ̀tì tín-ín-rín yẹn padà. Kẹ́ ẹ tó wá dá orí ẹ̀rọ padà sáyè ẹ̀, ẹ yí ọ̀pá ẹ̀ sósì kó gòkè, kó wà ní ṣíṣí, torí tó bá wà nísàlẹ̀, rọ́bà tuntun á ti kan síìtì kí nọ́ọ̀tì ńlá tó dé ibi tó yẹ kó dé, ẹ máa rò pé ó ti le, kò tíì le, ẹ sì ti ń fún rọ́bà pa látọjọ́ àkọ́kọ́. Ọwọ́ lásán ni kẹ́ ẹ fi yí nọ́ọ̀tì náà sọ́tùn-ún títí tí ò fi ní lọ mọ́, kẹ́ ẹ wá fi sípánà fún un díẹ̀ sí i. Ẹ dá ọwọ́ ẹ̀rọ padà, ẹ ti ẹ̀rọ náà, ẹ lọ ṣí kọ́ńtíròòlù, díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣí i. Ẹ padà wá ṣí ẹ̀rọ, á kọ́kọ́ wúkọ́ atẹ́gùn jáde, á pọ́n díẹ̀ lójú, á mọ́. Ẹ tì í. Ẹ nu ẹnu ẹ̀ gbẹ, kẹ́ ẹ wò ó.

Tọrùn ńkọ́? Abẹ́ ọwọ́ ẹ̀rọ, nọ́ọ̀tì kékeré kan wà tí ọ̀pá ń gba àárín ẹ̀ kọjá, ẹ fún un díẹ̀ ná, kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìyẹn nìkan máa ń tó. Tó bá ṣì ń jò, ẹ pa omi, ẹ tú nọ́ọ̀tì kékeré yẹn, ẹ yọ òwú tàbí rọ́bà tó ti gbó níbẹ̀, ẹ lọ́ tírẹ́ẹ̀dì tépù kó dà bí òwú, kẹ́ ẹ wé e mọ́ ọ̀pá yẹn ní àyè ẹ̀, ẹ dá nọ́ọ̀tì padà. Tó bá wá le jù láti yí, ẹ tú u díẹ̀.

Ẹ̀rọ ìgbàlódé, àwọn tó jẹ́ pé kékeré báyìí lẹ máa yí i tí omi á ti jáde, wọn ò ní rọ́bà tí à ń sọ yìí nínú. Àwo tánganran pélébé méjì ló wà nínú wọn tó ń yí lórí ara wọn, wọ́n ní ihò, tí ihò bá pàdé omi á kọjá, tí wọn ò bá pàdé omi á dá. Wọ́n dáa, wọ́n ń tọ́jọ́, àmọ́ iyanrìn lọ̀tá wọn, bóòhóòlù wa sì níyanrìn, pàápàá èyí tí wọn ò gbẹ́ jìn tàbí tí wọn ò fọ dáadáa lẹ́yìn tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Hóró iyanrìn kan ṣoṣo tó bá há sáàárín àwo méjèèjì ti tó láti mú kó máa kán. Kẹ́ ẹ tó lọ ra òmíràn, ẹ yọ káátíríìjì náà, ìyẹn odidi ohun tí àwo méjèèjì wà nínú ẹ̀, bá a ṣe yọ ti àkọ́kọ́, ẹ fi omi ṣíṣàn fọ ọ́, ẹ máa yí i bẹ́ ẹ ṣe ń fọ ọ́. Tó bá jẹ́ ẹfun funfun ló gan mọ́ ọn, ẹ rẹ ẹ́ sínú fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ fúngbà díẹ̀. Tí ò bá gbọ́, ẹ mú un dání lọ ra irú ẹ̀, ẹ jẹ́ kí olùtajà ka eyín tó wà lórí ọ̀pá ẹ̀ tí ọwọ́ ẹ̀rọ ń wọ̀, torí eléyín 20 wà, eléyín 24 wà, èyí tí ò bá bára mu ò ní jẹ́ kí ọwọ́ ẹ̀rọ yín wọlé. Kẹ́ ẹ sì máa fọ ìsàlẹ̀ táńkì, torí ibẹ̀ ni iyanrìn ń kó jọ sí kó tó máa wá bá ẹ̀rọ.

Tìdí ògiri, odidi ẹ̀rọ lẹ máa tú jáde. Ẹ yọ tírẹ́ẹ̀dì tépù àtijọ́ kúrò pátápátá, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ojú ìlà ẹ̀. Ẹ kọ ẹnu tó máa wọ ògiri sí ojú ara yín, kẹ́ ẹ máa wé tépù tuntun lọ sápá ọ̀tún, bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, kó le, kó sún mọ́ra, ẹ wé e yíká ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Tẹ́ ẹ bá wé e sódì, bẹ́ ẹ ṣe ń yí ẹ̀rọ wọlé ni tépù á máa tú jáde, omi á sì tún jò. Ẹ fọwọ́ yí i wọlé ná, kẹ́ ẹ wá fi sípánà parí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti yí i kọjá ibi tó yẹ kó dúró, ẹ má yí i padà sẹ́yìn torí kẹ́ ẹ lè mú ẹnu ẹ̀ wá sísàlẹ̀, ẹ tú u jáde kẹ́ ẹ wé tépù míì. Ẹ rántí pé oníke ni ẹ́líbò tó wà nínú ògiri lọ́pọ̀ ilé, tẹ́ ẹ bá fún un jù á sán, ẹ ò sì ní rí i torí inú ògiri ló wà, ìgbà tí ọ̀dà bá ń ṣí lára ògiri tí ọ̀rinrin ń jáde ní yàrá kejì lẹ máa mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ sọ fún púlọ́ńbà yín pé ẹ́líbò tó ní idẹ nínú lẹ fẹ́ níbi gbogbo tí ẹ̀rọ máa wà, kẹ́ ẹ sì ní kó fi kọ́ńtíròòlù sí balùwẹ̀ kọ̀ọ̀kan, owó ẹ̀ ò ní dùn yín tó bá yá.

Kí n tó gbàgbé, WC. Ìyẹn máa ń jò láìpariwo. Ẹ bu zóbò díẹ̀ sínú táńkì ẹ̀yìn ẹ̀ lálẹ́ tẹ́nì kan ò ní lò ó mọ́, ẹ má fà á. Tómi inú àwo bá ti pọ́n kílẹ̀ tó mọ́, rọ́bà ìsàlẹ̀ táńkì yẹn ti jẹ, òun náà ṣe é pààrọ̀ láìra odidi WC.

Àwọn nǹkan kan wà tí èmi ò ní fọwọ́ kàn, mo sì ń sọ ọ́ kẹ́ ẹ má bàa ki ara yín bọ̀ ọ́. Páìpù tó wà nínú ògiri, híítà omi gbígbóná tó níná nínú, àti ẹ̀rọ tó ti gan mọ́ páìpù irin àtijọ́ ní àwọn ilé tó ti pẹ́. Ìyẹn, ẹ pe púlọ́ńbà, ẹ sì san owó iṣẹ́ ẹ̀ fún un tẹ̀ríntẹ̀rín torí iṣẹ́ ọwọ́ ni. Àmọ́ tó bá dé, ẹ sọ ibi tó ti ń jò fún un, kì í ṣe pé "ẹ̀rọ bàjẹ́." Tó bá ní òun fẹ́ pààrọ̀ nǹkan kan, ẹ ní kó fi èyí tó yọ hàn yín, kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án. Tó bá parí, ẹ jẹ́ kí táńkì kún ná kí omi lè ní agbára, ẹ nu gbogbo ojú ibi tó fọwọ́ kàn, ẹ fi tíṣù gbígbẹ wé e yíká, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí tíṣù bá ṣì gbẹ, ẹ sanwó.